Ìka Mẹ́ta Àbọ̀

Kọ́ọ̀pù tíì yẹn kò yọ̀ o. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa bá mi bọ̀. Mùnírátù dì í mú dáadáa, ó ń gbé e lọ sẹ́nu, àfi bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ṣàdédé tú u sílẹ̀ bí ẹni tó sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́. Tíì gbígbóná tó kún fún mílíìkì ya sórí kíbọ́ọ̀dù kọ̀mpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Igbe tí ọ̀gá wọn, Akínkúnlé, ké lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń yan gàrí ní Ìpetumodù gbọ́ ọ, wọ́n sì sáré kó aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn, torí wọ́n rò pé àrá ló sán.

Ìta ni mo wà, mò ń tú jẹnẹrétọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló wà níwájú ilé wa ní Ìrẹ̀mọ níbí. Èmi Àjíṣafẹ́ wà lápá ọ̀tún, mò ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Tinúadé, ìyàwó mi, wà lápá òsì, ó ń ránṣọ. Akínkúnlé wà láàárín pẹ̀lú kọ̀mpútà márùn-ún. Òun àti àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́, Mùnírátù àti Adéṣọlá, ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ní lẹ́tà í kọ. Mo ju sípánà nù, mo sáré wọlé.

Akínkúnlé ti dojú kíbọ́ọ̀dù dé kí tíì lè ro dànù. Tíì ro. Lẹ́yìn tíì, nǹkan mìíràn tún já bọ́ láti ẹ̀gbẹ́ tí tíì kò dé. Ẹbu funfun ni. Ó dà sórí tábìlì, ó tó ṣíbí kan.

Gbogbo wa sún mọ́ tábìlì. Fáànù òkè pàápàá rọra ń yí, bí ẹni pé òun náà fẹ́ gbọ́.

"Oògùn," ni Akínkúnlé wí. Ó gbé kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ejò sílẹ̀. "Mo sọ ọ́. Ìgbà kẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí tí nǹkan máa bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ẹnì kan ló ń pa á lọ́wọ́."

Gbogbo wa kò wo ibòmíràn ju ọ̀dọ̀ Adéṣọlá lọ. Ohun tó fà á kò ṣòro. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun àti Mùnírátù jà nítorí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Ohun tí Adéṣọlá sọ lọ́jọ́ náà, ìdajì Ìrẹ̀mọ ló gbọ́ ọ, ìdajì tó kù sì gbọ́ ọ lẹ́nu èmi: "Jókòó síbẹ̀. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ, títí ọwọ́ á fi kú mọ́ ẹ lára."

"Ọ̀gá, èmi kọ́," ni Adéṣọlá wí.

"Mi ò tíì pe orúkọ ẹnì kankan." Akínkúnlé yọ fóònù rẹ̀. "Aago mẹ́rin la ń tì. Tí aago mẹ́rin bá lù, tí n kò mọ ohun tó pa ọwọ́ yìí, kí o máa lọ sílé yín ní Ìpetumodù. Fọ́tò ẹ á sì wà lórí wáásáàpù ẹgbẹ́ wa lónìí."

Ẹgbẹ́ tó ń wí yìí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé láti Ìlàrè títí dé gééti yunifásítì ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbé síbẹ̀ pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ yìí, wọn ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan kalukuléétọ̀ mọ́ ní Ifẹ̀. Adéṣọlá nìkan sì ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nílé wọn. Òun ló ń gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ mi kí n sọ nǹkan kan sí yín létí. Èmi ni mo fi ẹbu yẹn síbẹ̀.

Pọ́dà lásán ni. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí wọ́n jáde lọ jẹun, mo fẹ́ ẹ sábẹ́ àwọn bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù. Èrò mi ni pé bí Mùnírátù bá ti ń tẹ̀wé, pọ́dà á máa fò sí i nímú, á sì sín títí òrùlé á fi ṣí. Ṣé ẹ rántí aláǹgbá rọ́bà tó jáde látinú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́dún tó kọjá, tí Akínkúnlé fi gun orí tábìlì? Èmi náà ni. Ṣùgbọ́n Mùnírátù kò sín. Pọ́dà kàn rì sísàlẹ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ o. Ahọ́n mi kàn wúwo bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù. Tí mo bá ní èmi ni, wọ́n á ní èmi ni mo pa ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni ìyàwó mi wọlé, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

Ọdún méjìlélógún ni Tinúadé fi ṣe ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì. Sájẹ́ǹtì ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é. Ẹyinjú obìnrin yìí lè rí òkúta nínú ìrẹsì tí wọ́n ń sè ní Iléṣà. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò rí ẹran kan ṣoṣo jí nínú ìkòkò kó má mọ iye ìgbà tí mo jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ó wo kọ́ọ̀pù tó fọ́, ó wo ẹbu, ó fi ìka kan mú díẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbé e sí imú.

Lẹ́yìn náà ló wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ìwò yẹn gùn ju ààwẹ̀ lọ.

"Kí ni, Màmá Ìrètí?" ni Akínkúnlé béèrè.

"Mo ti mọ ẹbu yìí. N óò sọ ọ́ bó bá yá. Aago mélòó ni ẹ dá?"

"Mẹ́rin."

"Mọ́kànlá ló lù yìí. Ẹ fún mi ní Adéṣọlá ná."

*

Ó fi àga kan fún Adéṣọlá nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Èmi náà wọlé, mo mú bírò, mo ní èmi ni n óò máa kọ ọ́ sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù tú ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè.

"Ìwọ lo sọ pé ọwọ́ ẹ̀ á kú?"

"Èmi ni mo sọ ọ́, Màmá. Inú ló bí mi."

"Kí ló dé tó jẹ́ ọwọ́ lo mú? Bí inú bá ń bí èèyàn, ojú la máa ń ní kó fọ́."

Adéṣọlá tẹ orí ba. "Torí mo ti rí i pé ọwọ́ yẹn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó máa ń gbọ̀n ọ́n báyìí, bí ẹni ń gbọn omi nù. Mo ní kó lọ sí ọsibítù, ó ní kí n gbọ́ tara mi."

"Ìgbà wo lo kọ́kọ́ rí i?"

"Á tó oṣù kan ààbọ̀."

"Kíbọ́ọ̀dù yẹn ńkọ́? Ta ló ń fẹ́ eruku inú ẹ̀?"

"Èmi ni, ní gbogbo Sátidé. Bàbá Ìrètí ló ń yá mi ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ eruku jẹnẹrétọ̀."

"Ẹbu wà níbẹ̀ ní Sátidé tó kọjá?"

"Kò sí o. Mo fẹ́ ẹ títí ó fi mọ́."

Sájẹ́ǹtì yíjú sí mi. "Bàbá Ìrètí, ẹ kọ ìyẹn. Ọwọ́ ti ń ṣàìsàn láti oṣù kan ààbọ̀. Ẹbu ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Èwo ló ṣáájú nínú wọn?"

"Ọwọ́," ni mo wí. Òógùn ti bò mí.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bírò yín ò mì látàárọ̀." Ó tún kọjú sí Adéṣọlá. "Wákàtí mélòó lo ń tẹ̀wé lójúmọ́?"

"Mẹ́jọ. Nígbà míì mẹ́sàn-án, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó ìwé àṣekágbá wọn wá."

"Mùnírátù ńkọ́?"

"Tiẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Èmi ni mò ń bá a tẹ díẹ̀ nínú tiẹ̀."

"Ẹ ò bára yín sọ̀rọ̀, o sì ń bá a ṣe iṣẹ́?"

"Ìjà la jà, Màmá. Iṣẹ́ ò bá wa jà."

Sájẹ́ǹtì gba ọwọ́ ọmọ náà, ó tẹ àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kó gbé abẹ́rẹ́ kan nílẹ̀. Adéṣọlá gbé e kíákíá. Ara ọwọ́ yẹn dá ju tèmi lọ.

*

Bí mo ṣe padà dé àárín, mo rí ọ̀nà àbáyọ tèmi. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jẹ́ ká fi oògùn sílẹ̀. Kọ̀mpútà ni."

Akínkúnlé ní, "Ẹ ní kí ni?"

"Kọ̀mpútà ló ń jẹ èèyàn lọ́wọ́. Ẹ wo bó ṣe dákẹ́, bí olè. Gbogbo ọjọ́ ni iná ń ti inú wáyà bọ́ sí bọ́tìnnì, láti bọ́tìnnì bọ́ síka, ó ń fa iṣan mu bí ẹni ń fa ọsàn." Mo rí i pé wọ́n ń gbọ́ mi, ni mo bá tẹ̀ síwájú. "Mo mọ ọkùnrin kan ní Ẹdẹ, ó tẹ kọ̀mpútà fún ọdún mẹ́wàá. Ní báyìí, ìyàwó ẹ̀ ló ń bá a họ orí."

Mo mú wáyà kan, mo fi so kọ̀mpútà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kó má bàa sá. Oníbàárà kan tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì gba ìwé rẹ̀, ó jáde. Akínkúnlé ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Ó ń ta mí díẹ̀ o."

"Ibo ló ti ń ta yín?" Ẹnu ọ̀nà ni Sájẹ́ǹtì wà.

"Níbí. Rárá, níbí."

"Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Ìrètí sọ ló ń ta yín." Ó yíjú sí Mùnírátù, tó jókòó lórí àpótí ní kọ̀rọ̀, tó na ọwọ́ ọ̀tún sórí itan bí ẹrù ẹlòmíì. "Mùnírátù, nígbà tí tiransifọ́mà wa jó lóṣù tó kọjá, ọjọ́ mélòó la fi wà láìsí iná?"

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án, Màmá."

"Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?"

Akínkúnlé nawọ́ sí mi. "Ọkọ yín tú u palẹ̀. Ó ní ọjọ́ kan. Ọjọ́ kan ló di ọjọ́ mẹ́sàn-án."

"Kò sẹ́ni tó tẹ̀wé níbí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, nígbà náà. O tẹ fóònù nílé, Mùnírátù?"

"Fóònù alára ti kú."

"Ọwọ́ yẹn ńkọ́ nígbà náà? Ó sinmi?"

Mùnírátù mi orí. "Ó burú sí i ni. Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í jí mi lójú oorun."

"Ẹ tú kọ̀mpútà sílẹ̀, Bàbá Ìrètí," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ le jù. Adéṣọlá tó ń tẹ̀wé jù ú lọ, ara ẹ̀ dá ṣáká. Ohun tí kọ̀mpútà ṣe, a ṣì máa wò ó. Òun kọ́ la kọ́kọ́ ń wá."

Mo tú u. Ojú tì mí lójú kọ̀mpútà.

*

Ó mú Mùnírátù wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní kó di ojú. Ó mú owú kan, ó ká a mọ́ra kó le díẹ̀, ó ní, "Bó bá ti kàn ẹ́, sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fi kan ìka kékeré.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fi kan ìka tó tẹ̀ lé e, lápá ọ̀dọ̀ ìka kékeré.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fi kan ìka yẹn kan náà ní apá kejì. Mùnírátù kò fọhùn. Ó fi kan ìka àárín. Ó fi kan ìka ìtọ́ka. Ó fi kan àtàǹpàkò, ó tún fi kàn án.

Mùnírátù dúró títí, ojú rẹ̀ ṣì dì. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ò tíì tún bẹ̀rẹ̀ ni?"

Èmi tí mo máa ń rí ẹ̀rín nínú ohun gbogbo, mo ń wo ògiri.

"Ìka mẹ́ta àbọ̀," ni Sájẹ́ǹtì wí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà. "Ìka márùn-ún ló ń kan kíbọ́ọ̀dù, mẹ́ta àbọ̀ ló kú. Oògùn wo ló ń la ìka kan sí méjì bí àkàrà? Iṣan kan ṣoṣo ni. Ọ̀kan tó gba ọrùn ọwọ́ kọjá. Ọwọ́ wo lo fi ń di máọ́ọ̀sì mú?"

"Ọ̀tún."

"Òsì tí kì í di máọ́ọ̀sì mú ńkọ́?"

"Òun náà ti ń bẹ̀rẹ̀, Màmá. Díẹ̀díẹ̀."

"Bó bá jí ẹ, kí lo máa ń ṣe?"

"Abdulwahab ló máa ń dì í mú." Abdulwahab ni ọkọ rẹ̀, ó ń kun mọ́tò ní Ìlàrè. "Ó máa ń rọra gbọ̀n ọ́n fún mi títí n óò fi sùn padà. Nígbà míì, òun á ti sùn, ọwọ́ ẹ̀ á ṣì máa gbọ̀n ọ́n lọ."

Sájẹ́ǹtì fi owú sílẹ̀. Ó ń wo ọmọ náà bó ṣe máa ń wo aṣọ kó tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Èmi náà tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ Mùnírátù: sílípáàsì ọkùnrin ló wọ̀, ó gùn tó ọkọ̀ ojú omi. Ó wo ọrùn rẹ̀: òrùka ìgbéyàwó ló so mọ́ okùn kékeré lábẹ́ hìjáàbù. Ó wo hìjáàbù ọ̀hún, èyí tó gùn dé orúnkún, tó jẹ́ pé ti tẹ́lẹ̀ kì í kọjá èjìká.

"Bàbá Ìrètí," ni Sájẹ́ǹtì wí, "ẹ bá mi ra ẹ̀pà wá."

Mo jáde. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Kò sẹ́ni tó ń ta ẹ̀pà lẹ́yìn kọ́tìnnì, Bàbá Ìrètí."

Mo lọ.

*

Nígbà tí mo fi dé, Mùnírátù ti padà sórí àpótí rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Sájẹ́ǹtì wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù pẹ̀lú Dókítà Ọpẹ́yẹmí, ọmọ tó máa ń gbé aṣọ wá fún un rán láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Ó pa fóònù, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo jókòó tì í.

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ni ó wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Sọ ọ́ kí Adéṣọlá lè máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ."

"N kò lè sọ ọ́. Kì í ṣe tèmi láti sọ." Ó bó ẹ̀pà kan. "Ẹ rántí tápíráítà?"

Kí ló dé tí n kò ní rántí? Ogún ọdún sẹ́yìn ni. Òun ló ń tẹ gbogbo ohun tí àwọn afurasí bá sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú oorun. Èmi ni mò ń dì í mú. Gbogbo wa ní tápíráítà ni. Ní ọ̀sán gangan, mo bọ́ bàtà, mo wọ àgọ́ ọlọ́pàá lọ, mo gbá tápíráítà ìjọba létí lẹ́ẹ̀mẹta níwájú ọ̀gá wọn. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n tì mí mọ́lé nítorí pé mo lu ohun ìní ìjọba.

"Wọ́n fún mi ní ìsinmi," ni ó wí. "N kò fọwọ́ kan tápíráítà fún oṣù kan. Ọwọ́ ń burú sí i ni. Ìgbà wo ló dáwọ́ dúró, Bàbá Ìrètí?"

Mo rò ó. Kò dáwọ́ dúró nígbà tá a fi òróró pa á. Kò dáwọ́ dúró nígbà tí mo gbá tápíráítà létí. Ó dáwọ́ dúró nígbà tó bí... nígbà tó bí Ìrètíolúwa, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Mo la ẹnu mi gbàgà. Ó fi ẹ̀pà dí i.

"Oṣù kẹfà," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ ẹ̀pà yín kí ẹ dákẹ́. Ó ti bàjẹ́ lára ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni gbogbo Ìrẹ̀mọ ti bá a yọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló tún ń jókòó gba ẹ kú àmúmọ́ra. Lọ́tẹ̀ yìí, òun, Abdulwahab àti ìyá ọkọ ẹ̀ nìkan ló mọ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ títí yóò fi délẹ̀."

"Kí wá ni ti ọwọ́?"

"Ọpẹ́yẹmí ní ọ̀nà tí iṣan yẹn gbà kọjá nínú ọrùn ọwọ́ há, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí obìnrin bá lóyún, omi máa ń pọ̀ lára, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á kún, iṣan á há sí i. Ẹsẹ̀ tó wú, òrùka tí kò wọ ìka mọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ."

"Kọ̀mpútà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, nígbà náà."

"Mo bi í. Ó ní àwọn onímọ̀ ṣì ń bára wọn jiyàn. Àwọn kan wádìí, wọ́n ní dídi máọ́ọ̀sì mú fún wákàtí púpọ̀ pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ tó ká lè dá kún un. Àwọn míì wádìí, wọn ò rí i bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì dá ẹjọ́ ẹ̀ tán. Àmọ́ tábìlì Akínkúnlé yẹn ga jù, ọwọ́ àwọn ọmọ yẹn máa ń ká bí ìwọ̀. Ọwọ́ tó ti ń ṣàìsàn ò fẹ́ ìyẹn."

"Ìwọ lọ sọ fún Akínkúnlé."

"Kí n ní kí ni? Kí n fi àṣírí ọmọ kan ra iṣẹ́ ọmọ kejì?" Ó dìde, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò láṣọ. "Mo ti bá Mùnírátù sọ̀rọ̀. Ó ń bẹ̀rù. N kò ní fipá mú un. Ẹ̀yin ni n óò fipá mú. Ṣé ẹ rò pé n kò mọ òórùn pọ́dà mi?"

*

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́rin lù, Adéṣọlá ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan. Akínkúnlé dúró pẹ̀lú fóònù. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ẹni tí wọ́n ní kó pa adìyẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ sìn.

"Ẹbu yìí," ni Sájẹ́ǹtì wí, "pọ́dà ni. Tèmi ni. Ẹni tó jí i lórí tábìlì mi, tó fẹ́ ẹ síbẹ̀ kí Mùnírátù lè máa sín, á sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Adéṣọlá. Mo ní, "Ṣọlá, èmi ni. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pè ẹ́ ní ohun tí o kì í ṣe, mo dákẹ́ láti àárọ̀. Má bínú sí mi."

"Ẹ dìde, Bàbá Ìrètí. Ẹ̀yin lẹ bí mi lọ́mọ." Ó ń gbìyànjú láti fà mí dìde. "Mo fura sí yín tẹ́lẹ̀. Imú tèmi náà ń yún mi láti ọjọ́ Ajé."

Akínkúnlé bú sẹ́rìn-ín, ó tún gbé e mì. "Ó dáa. Pọ́dà ni. Ṣùgbọ́n pọ́dà kì í pa ọwọ́. Ọwọ́ yẹn kú tàbí kò kú? Oníbàárà mẹ́rin ló ti pè mí pé ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń pa ara wọn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Màmá Ìrètí, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe Adéṣọlá."

"Kí wá ni?"

"N kò ní sọ."

Akínkúnlé wo aago ara ògiri. Ó wo fóònù. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ ò fún mi ní nǹkan kan tí mo lè dì mú."

Adéṣọlá gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó bá Mùnírátù sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jà. "Ìwé oníbàárà ẹ yẹn, Bàbá Àyànlọ́wọ̀, ku ojú ewé mọ́kànlá. Mo ti fi èyí tí mo ṣe sínú tìẹ lórí kọ̀mpútà. Má fi ọwọ́ yẹn tẹ èyí tó kù. Ní kí ọ̀gá wá ẹlòmíì."

Mùnírátù dìde lórí àpótí. Ó rìn lọ bá a nínú sílípáàsì ọkọ rẹ̀, pàpàpà. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ti kú yẹn gbá ọwọ́ Adéṣọlá mú. Ó fà á wọ abẹ́ hìjáàbù rẹ̀, ó sì gbé e lé ikùn.

"Ó ń ta látàárọ̀," ni ó wí. "Ìka tèmi kì í gbọ́ ọ dáadáa mọ́ bí mo bá fọwọ́ kàn án. Ìwọ bá mi gbọ́ ọ."

Adéṣọlá dúró bí ère. Báàgì yọ̀ kúrò ní èjìká rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀.

"Ó gbá mi," ni ó wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mùní, ó gbá mi nípàá."

"Ó jọ pé ó fẹ́ àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé," ni Mùnírátù wí, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú.

Aago mẹ́rin lù. Akínkúnlé ti kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó ń yẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò, ẹ̀rọ tí kò ní àléébù kankan. Ó fi fóònù sápò.

"Ọ̀gá Akínkúnlé," ni Sájẹ́ǹtì wí, "kí lẹ rí?"

"Èmi? Mi ò rí nǹkan kan. Pépà ló há." Ó nu ojú rẹ̀. "Adéṣọlá, ìwé Bàbá Àyànlọ́wọ̀ ku ojú ewé mọ́kànlá, o sì gbé báàgì dání. Ibo lò ń lọ?"

*

Ìdájọ́ tèmi kò falẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Sájẹ́ǹtì ti fi téèpù wọn ẹsẹ̀ gbogbo tábìlì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó fi ayùn lé mi lọ́wọ́. Mo gé ẹsẹ̀ tábìlì márùn-ún, ogún ẹsẹ̀ ni, kí ọwọ́ àwọn ọmọ náà lè máa tẹ́ bí wọ́n bá ń tẹ̀wé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Abdulwahab gbé Mùnírátù lọ bá Dókítà Ọpẹ́yẹmí. Dókítà ní kó máa fi nǹkan gbá ọrùn ọwọ́ mú kó lè nà bó bá ń sùn. Sájẹ́ǹtì ní kò sí ìṣòro, òun á rán an. Ó mú rúlà igi kan, ó wá aṣọ tó rọ̀ tó máa fi bò ó. Inú àpótí aṣọ mi ló ti wá a. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé mi tí mo fẹ́ràn jù láyé, èyí tí mo kó pọ́dà sí àpò rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, òun ló gé. Títí di òní, bí Mùnírátù bá de ọwọ́ yẹn, òórùn pọ́dà ìyàwó mi ló ń ti ibẹ̀ jáde.

Àwọn oníbàárà kò dákẹ́ o. Wọ́n ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Akínkúnlé, àti ìdí tí tábìlì fi kúrú. Èmi ni mò ń dá wọn lóhùn níta. Mo sọ fún ẹnì kan pé kọ̀mpútà gé Akínkúnlé jẹ ní ìdí. Mo sọ fún ẹnì kejì pé ìkán ló jẹ tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìkán ńlá, ó tó ológbò. Mo sọ fún ìyá kan láti Ìlàrè pé pọ́dà yẹn bú gbàmù, pé àwa là ń wá ìrù aláǹgbá rọ́bà títí di ìsinsìnyí. Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín lọ, kò rántí béèrè ìdí tí hìjáàbù Mùnírátù fi gùn.

Sájẹ́ǹtì wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń gbọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, kò sí irọ́ mi kan tó gbọ́ tí kò fi ojú gé e kúrú. Lọ́jọ́ náà, ó kàn ṣí páálí pọ́dà tuntun tó rà, ó dà á sí ọwọ́, ó fi pa mí lẹ́yìn ọrùn níbi tí òógùn wà.

"Ẹ máa bá a lọ," ni ó wí. "Ìkán yẹn kéré jù. Ẹ sọ ọ́ di ajá."